Àwọn àfẹ́sọ́nà méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS: kí ni ìjọ lè ṣe, kí ni kò sì yẹ kí ó ṣe?

Alàgbà_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Mo wà lára ìgbìmọ̀ tí ó ń gba àwọn tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó nímọ̀ràn nínú ìjọ wa ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan sì wà nílẹ̀ tí ó ti pín wa sí méjì. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìjọ, ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní yunifásítì. Àwọn òbí ti ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí ti dé ọwọ́ àwọn ará ilé, a sì ti ṣe ìkéde àkọ́kọ́ nínú ìjọ, kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn tó tẹ̀ wá lọ́wọ́: AS ni ọkùnrin, AS ni obìnrin, ìyẹn ni pé wọ́n lè bí ọmọ tí ó jẹ́ SS, tí àìsàn síkìlà yóò máa bá jà.

Ìlànà ìjọ wa sọ pé a kì í so irú wọn pọ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a tẹ̀lé ìlànà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí a bá kọ̀, kóòtù ni wọn yóò gbà lọ, tàbí ìjọ mìíràn tí kì í béèrè, wọn yóò ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àwa yóò sì ti pàdánù àǹfààní láti bá wọn rìn. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ti bẹ̀ wá pé kí a má ṣe tú àwọn ká. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìjọ yín. N kò wá ẹni tí yóò dá ìgbìmọ̀ láre. Ohun tí ó tọ́ níwájú Ọlọ́run, tí ó sì tọ́ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ni mo ń wá.

Nọ́ọ̀sì_Ògbómọ̀ṣọ́

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Kí ẹ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà rárá, ẹ ní kí wọ́n lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ náà lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú ni wọ́n sì fi ń wo ibi tí àmì dúró sí. Bí iná bá ń ṣe ségesège, tàbí tí ó ti rẹ ẹni tí ó ń wò ó, AA lè di AS lórí ìwé, AS náà sì lè di AA. Ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́, àmì ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè hàn nínú tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC, tí ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan, ń wọn irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n gidi, òun ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n bi láàbù léèrè. Mo ti rí ìfẹ́ tí a tú ká nítorí ìwé tí ó purọ́, mo sì ti rí èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ: àwọn tí ìwé sọ fún pé ara wọn le, tí wọ́n sì wá mọ òtítọ́ nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Bí èsì náà bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ rí i dájú pé àwọn ọmọ náà lóye ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí AS bá fẹ́ AS, nínú ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bá bí, ọ̀kan ni yóò jẹ́ SS, nítorí náà bí èyí tí ó jẹ́ SS bá ti kọ́kọ́ dé, àwọn yòókù ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: ìdá 25 nínú 100 ni pé yóò jẹ́ SS, ìdá 50 pé yóò jẹ́ AS, ìdá 25 pé yóò jẹ́ AA. Mo mọ ìdílé tí ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn jẹ́ SS, mo sì mọ èyí tí ó bí márùn-ún láìsí ẹyọ kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ègún ìdílé ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ó ń pani, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ó tán nílẹ̀ wa. Ohun kan kù tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ kì í kà sí: ẹ̀jẹ̀ C, irú kan tí ó yàtọ̀ sí A àti S, wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. AS tí ó bá fẹ́ AC lè bí SC, SC náà jẹ́ irú síkìlà kan, ó ní ìrora tirẹ̀, ó sì máa ń ba ojú jẹ́. Mo ti rí ìjọ tí ó lé AS àti AS padà, tí ó sì fi ìdùnnú so AS àti AC pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Jagunjagun_Àdúrà

Mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ilẹ̀, ó sì dùn mí pé láàbù ni ó ń pàṣẹ nínú ilé Ọlọ́run báyìí. Ọlọ́run tí ó ṣí inú Sárà nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ̀rètí nù kò yí padà. Wòlíì tí ó wà ní ìjọ wa gbàdúrà fún tọkọtaya kan tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ti bí, ara gbogbo wọn sì yá gágá. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ti fi hàn pé ọmọkùnrin yìí ni ọkọ ọmọbìnrin yìí, ta ni ìgbìmọ̀ tí yóò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Alàgbà, ẹ bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàdúrà, ẹ so wọ́n pọ̀.

Màmá_Ṣágámù

Arákùnrin Jagunjagun, n kò bá yín jà, nítorí pé èmi náà gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń ṣe ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí oyún kọ̀ọ̀kan bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin láti bọ́, nínú 100 tọkọtaya AS tí wọ́n bá bí ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta, nǹkan bí 42 kò ní ní SS kankan, ìbáà jẹ́ pé wọ́n gbàdúrà tàbí wọn kò gbà á. Wòlíì lè tọ́ka sí àwọn 42 yẹn. Àwọn 58 yòókù kì í padà wá jẹ́rìí nínú ìjọ.

Mo wà lára àwọn tí kì í padà wá jẹ́rìí. Ọmọbìnrin mi jẹ́ SS. Wọ́n ti sọ fún èmi àti bàbá rẹ̀ kí á tó ṣègbéyàwó, ẹnìkan tí a bọ̀wọ̀ fún sì sọ fún wa pé ìgbàgbọ́ ni kí á fi bo ó mọ́lẹ̀. Ní orí ilé Ọlọ́run, nígbà tí Èṣù fi Sáàmù bẹ Jésù pé kí ó bẹ́ sílẹ̀, Jésù kò sọ pé àwọn áńgẹ́lì kò lè gbé òun. Ohun tí ó sọ ni pé a kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run wò. Ẹsẹ Bíbélì yẹn ni mo máa ń rò nígbà tí ìrora bá gbé ọmọ mi dé ní òru, tí mo ń fi omi gbígbóná ra orúnkún rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, tí a kò sì mọ ibi tí a ó ti rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò bá tirẹ̀ mu.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò fi ọmọ mi ṣe àbámọ̀, òun ni ó ń mú mi rẹ́rìn-ín jù nínú ilé. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí ó ní kí á lọ ṣe é ní ìgbàgbọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí owó oògùn dé. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń wá kí wa ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí a ṣe tí Ọlọ́run fi ń bá wa jà, bí ẹni pé wọn kò ka Jòhánù orí kẹsàn-án rí, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin afọ́jú náà ni ó ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí ó kàn ni ó mọ̀.

Kátíkísì_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwa Kátólíìkì, nítorí pé ó yàtọ̀ díẹ̀, ó sì lè ran Alàgbà lọ́wọ́. Àwa náà ń ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a sì ń sọ òótọ́ fún wọn láìfi nǹkan bò. Ṣùgbọ́n jẹnotáìpù, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ bíi AA, AS tàbí SS, kò sí lára àwọn ohun tí òfin Ìjọ sọ pé ó ń dí ìgbéyàwó lọ́wọ́. Òfin 1058 nínú ìwé òfin tí Ìjọ ń lò láti 1983 sọ pé gbogbo ẹni tí òfin kò bá dí lọ́wọ́ ni ó lè gbéyàwó. Bíṣọ́ọ̀bù lè dá ìgbéyàwó kan dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà, Òfin 1077 ni ó fún un láyè, àmọ́ kò lè sọ ọ́ di títí láé. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ láti gbéyàwó jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ẹ̀rí ọkàn wọn ni yóò sì jíhìn fún ohun tí wọ́n bá yàn. Òfin ìgbéyàwó ti ìjọba àpapọ̀ náà kò ka jẹnotáìpù sí ìdènà, ìyẹn ni ó fi rọrùn fún wọn láti gba kóòtù lọ bí ìjọ bá tì wọ́n síta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le sí wà níwájú. Àwọn dókítà yóò sọ fún wọn nípa ìlànà IVF, ìyẹn dídá ọlẹ̀ sílẹ̀ nínú láàbù, nínú èyí tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ọlẹ̀ kí a tó gbé e sínú ilé ọmọ, kí a lè yan èyí tí kì í ṣe SS. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù náírà lọ́nà púpọ̀, kò sì dájú pé oyún yóò dúró. Róòmù kò gbà á láyè, ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1987 àti 2008 sọ ìdí rẹ̀: àwọn ọlẹ̀ tí a kò yàn, kí ni a ó fi wọ́n ṣe? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjọ tí kì í ṣe ti Kátólíìkì kò rí i bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá wọn jiyàn níbí, àmọ́ mo rò pé ìgbìmọ̀ tí ó bá fẹ́ gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe nígbà tí oyún bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11 sí 14. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é, kí ó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun yóò ṣe bí èsì bá jẹ́ SS, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà òfin kò gba ìṣẹ́yún láyè àfi láti dá ẹ̀mí ìyá sí, òfin Ọlọ́run sì wà lókè ìyẹn. Ẹni tí ó bá ṣe é kí ó lè múra sílẹ̀ de ọmọ náà kò ṣẹ̀.

Ọ̀nà kan tí a kì í sọ fún wọn tó ni ìgbàṣọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 là á sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ní àárín wa, ojú àgàn ni wọ́n ṣì fi ń wo ẹni tí ó bá gba ọmọ tọ́, ìjọ sì ní iṣẹ́ láti ṣe lórí ìyẹn.

Ará_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ìjọ tí ó ń béèrè jẹnotáìpù lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé inú oyún ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń mọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ń yẹ ìyá wò nígbà tí oyún ṣì kéré, wọ́n sì ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, kí ẹni tí ó bá jẹ́ SS lè bẹ̀rẹ̀ sí lo pẹnisílínì láti oṣù mẹ́ta. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ìtọ́jú tuntun tí ó ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ ṣe, èyí tí Bìrìtéènì fọwọ́ sí ní ìparí 2023. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbé ìpinnu wọn lé e. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn fún ẹnìkan, oògùn líle tí ó ń pa mùdùnmúdùn eegun sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìsàn.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, n kò sì fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ń kàwé. SS ni èmi. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. AA ni ìyàwó mi, gbogbo àwọn ọmọ wa sì jẹ́ AS, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́dọ̀ rí.

Mo fara mọ́ ọn pé kí AS àti AS ronú jinlẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra wọn. Ìrora tí mo mọ̀ yìí, n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é wá bá ọmọ. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín kí a sọ pé ìrora kò dára àti kí a sọ pé ẹni tí ó ní ìrora náà kò yẹ kí ó wá sáyé. Nígbà tí pásítọ̀ bá dúró lórí pẹpẹ tí ó sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má lọ bí síkìlà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ SS jókòó níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ irú wa, wọ́n ń sàmì sí wa lára kí a má baà padà lọ. Ní àwọn ìjọ kan lónìí, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀mí òkùnkùn, ọmọ náà ni wọ́n ṣì ń fi ẹ̀sùn kàn. Wọ́n a ní kí ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ó sùn sórí òkè àdúrà nínú òtútù. Àìmu omi àti òtútù sì wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa há sínú iṣan, tí ìrora fi ń dé! Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ìgbìmọ̀ Alàgbà kò kan ìgbéyàwó rárá: ẹ kéde nínú ìjọ yín pé ẹni tí ó bá jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ láìmu omi, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní aláìgbàgbọ́ nítorí rẹ̀.

Èkejì, ìlànà yín kò burú nítorí pé ó le, ó burú nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí ó ti fẹ́ràn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹ wá fi ìwé láàbù hàn án lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́, kì í ṣe ìmọ̀ràn ni ẹ fún un. Ọmọ ọdún 16 nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni kí ó ti mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ó ti mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Òwe Sólómọ́nì tí àwọn pásítọ̀ fẹ́ràn, pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn ti rí ibi tẹ́lẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n fún ní àyè láti rí tẹ́lẹ̀ ni ó lè lò ó.

Ẹ̀kẹta ni pé ìjọ tí ó bá ń sọ ẹni tí kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbọ́dọ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ fún àwọn tí a ti bí. Oògùn hydroxyurea ń dín ìrora náà kù, ó sì ń dáàbò bo ọpọlọ ọmọdé lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń lò ó, a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìjọ mélòó ni ó ní àpò fún un nínú gbogbo àpò tí a ń dá owó sí? Ìjọ mélòó ni ó ti pe ilé ìwòsàn kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ lẹ́yìn ìsìn?

Alàgbà_Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Tíṣà. Wọ́n ti tún àyẹ̀wò náà ṣe, èsì kò yí padà. A dá ìkéde kejì dúró, a kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ìjọ. Dókítà kan tí ó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ti bá àwọn méjèèjì jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ọkùnrin ṣì fẹ́ kí á máa bá a lọ, obìnrin ní kí wọ́n fún òun láyè láti rò ó, ó sì bẹ̀ wá kí á má jẹ́ kí àwọn òbí yọ òun lẹ́nu. Inú ń bí ìyá ọkọ gidigidi nítorí owó tí ó ti ná. A ti ní kí pásítọ̀ lọ rí i.

Ní ti ìlànà, àbá tí a kọ nìyí, kí ẹ bá mi wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ yóò ṣe àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá wọ ẹgbẹ́, ìjọ yóò san owó rẹ̀, ẹni tí ó ni èsì nìkan ni yóò sì gbà á. Àwọn tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó yóò mú èsì láàbù méjì wá kí àwọn òbí tó ṣe mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, C yóò sì wà lára ohun tí a ń wò. A kò ní kọ̀ láti so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí èsì rẹ̀ bá rí báyìí gbọ́dọ̀ rí dókítà, kí ó sì dúró oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò fọwọ́ sí ìwé pé ó yé wọn, àti pé ìjọ kò lọ́wọ́ nínú ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Màmá_Ṣágámù

Alàgbà, gbogbo rẹ̀ dára àfi gbólóhùn ìkẹyìn. Pé ó yé wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n pé ìjọ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìwé yẹn ni àwọn ènìyàn yóò na ìka sí ní ọjọ́ tí ọmọ bá ń sunkún ní wọ́ọ̀dù.

Alàgbà_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Màmá. N óò gbé e padà fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Sátidé pé kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì fi àpò oògùn tí Tíṣà sọ sí ipò rẹ̀. Akápò ni mo mọ̀ pé yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ẹ tó lọ, Alàgbà: ta ni yóò máa tọ́jú àwọn èsì wọ̀nyẹn? Bí ó bá jẹ́ pé inú fáìlì lórí tábìlì akọ̀wé ìjọ ni, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin yóò ti mọ ẹ̀jẹ̀ ara wọn kí ó tó di ọjọ́ Àìkú tí ó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí láàbù fi èsì lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ìgbìmọ̀ má sì tọ́jú ẹ̀dà kankan títí onítọ̀hún yóò fi mú un wá fúnra rẹ̀.